Tábílẹ́ẹ̀tì tí kì í pariwo: RAM àti processor wo ló yẹ akẹ́kọ̀ọ́?

Ẹ̀yin òbí wa, owó kọ̀ǹpútà ọmọ kì í ṣe owó kékeré, ìnákúnàá kò sì bá ẹ̀sìn wa mu. A fi Surface Pro 7, tí Microsoft gbé jáde lọ́dún 2019, ṣe àpẹẹrẹ fún ẹni tó ń wá tòkunbọ̀.

Oríṣi processor mẹ́ta ló wà. Èyí tó ní i3 àti èyí tó ní i5 kò ní fáànù, nítorí náà wọn kì í pariwo ní kíláàsì. Èyí tó ní i7 ní fáànù. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ẹ ó gbọ́ ariwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí kò ní fáànù máa ń falẹ̀ bó bá gbóná.

RAM dà bí tábìlì tí ọmọ ń tẹ́ ìwé sí: bó bá kéré, ìwé kò ní gbà. Èyí tó ní i3 sábà máa ń ní 4GB, tíí ṣe òdiwọ̀n tó kéré jù fún Windows 11. Èyí tó ní i5 ní 8GB tàbí 16GB. RAM náà kò ṣeé fi kún lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á. Mẹ́mórì káàdì lè gba ìwé àti wáàsí, kò lè di RAM.

Ìmọ̀ràn wa ni i5 pẹ̀lú 8GB. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ System, lẹ́yìn náà About. Ẹ ó rí processor àti RAM níbẹ̀. Ẹ má tìtorí ẹ̀dínwó ra Surface Pro ọdún 2017: kò sí lára àwọn tí Microsoft fọwọ́ sí fún Windows 11, àtìlẹ́yìn Windows 10 sì ti parí ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ìmọ̀ àwọn ọmọ wa.