Láti Inú Igbá Dé Inú Ọ̀rá: Ìtàn Ẹ̀bùn Ọdún Nílẹ̀ Pobẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́

Àwọn àgbà ní igbá olóore kì í fọ́, àwo olóore kì í fàya. Igbá gidi ni òwe yìí ń sọ. Ní Ìgànà, ní Pobẹ̀, ní Sakẹ́tẹ́ àti ní àwọn abúlé tó wà láàárín wọn, inú igbá ni ẹ̀bùn ọdún máa ń wà kí abọ́ tánńganran àti ike tó dé. Wọn á fi igbá kan dé èkejì, wọn á fi aṣọ dì í, wọn á gbé e ru ọmọ, wọn á ní kó gbé e lọ fún bàbá àgbà, fún àna, fún aládùúgbò. Ọmọ tó jíṣẹ́ náà kì í sì í padà sílé láìrí nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n rán an sí.

Ohun tó wà nínú igbá náà kò ti ọ̀nà jíjìn wá. Ẹ̀kọ tí wọ́n pọ́n sínú ewé ni, àkàrà tí wọ́n fi epo pupa dín, ọ̀lẹ̀lẹ̀, tàbí iyán àti ọbẹ̀. Ní ilé mìíràn, iṣu tuntun ni, tàbí akèrègbè ẹmu, ọṣẹ dúdú, tàbí àdín tí ìyá ilé fúnra rẹ̀ yọ. Ẹni tó bá mọ ẹní hun á gbé ẹní tuntun lọ fún ìyá arúgbó. Igi ọ̀pẹ ló bí púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí: ẹ̀yìn rẹ̀ fúnni ní epo, ẹkùrọ́ rẹ̀ fúnni ní àdín, ara rẹ̀ fúnni ní ẹmu. Ẹni tí ọ̀pẹ wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, tí àgbàdo sì wà nínú àká rẹ̀, kò lè sọ pé òun kò ní nǹkan tí òun máa fi kí ènìyàn kú ọdún. Ibẹ̀ ni agbára àṣà náà wà. Kò sí ẹni tó tálákà débi tí kò fi lè jẹ́ olóore.

Ìtumọ̀ ẹ̀bùn kò sì sí nínú iye rẹ̀. Àrokò tí àwọn baba ńlá máa ń fi ránṣẹ́ síra wọn fi èyí hàn kedere. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, bí ẹnì kan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ tó sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ohun tó ń sọ ni pé ọkàn òun fà mọ́ ẹni náà, torí ẹ̀fà ni orúkọ iye náà, fífà ló sì wà nínú rẹ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà kò ra nǹkan kan tó nílááárí lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á mọ ohun tó gbà.

Kì í ṣe pé ayé àtijọ́ kò mọ ṣekárími o. Àwọn olówó máa ń ná owó ẹyọ fún onílù lójú agbo kí gbogbo ayé lè rí wọn. Àwọn ìdílé máa ń rántí ẹni tó gbé igbá wá lọ́dún tó kọjá àti ẹni tí kò gbé e wá. Èsúsú náà ti wà tipẹ́. Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Nítorí náà, owó àti ayẹyẹ kì í ṣe àjèjì síra wọn. Ohun tó yí padà ni ibi tí ẹ̀bùn ti ń wá, àti ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n ẹni tó mú un wá.

Ìyípadà náà kò dé lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn kan ní ìlú Páríìsì, wọ́n sì pín ilẹ̀ Yorùbá sí méjì. Pobẹ̀, Sakẹ́tẹ́ àti Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìjọba tuntun ń gba owó orí, owó Faransé ni wọ́n sì fẹ́. Epo àti ẹkùrọ́ tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀bùn wá di ohun tí wọ́n ní láti tà. Wọ́n la ọ̀nà rélùwéè láti Pọtónóvò gba Sakẹ́tẹ́ dé Pobẹ̀ láti máa kó irè oko lọ sí etíkun. Ní ọdún 1922, wọ́n dá ibùdó ìwádìí nípa ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé ti di ọ̀pẹ ọjà àgbáyé.

Ọkọ̀ tó ń kó epo lọ kì í padà lófìfo. Abọ́ tánńganran bá a dé, aṣọ títẹ̀ náà sì bá a dé. Ilé iṣẹ́ Vlisco, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Helmond ní orílẹ̀-èdè Netherlands ní ọdún 1846, wà lára àwọn tí àǹkárá wọn tàn ká etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Abọ́ tánńganran lẹ́wà, kì í sì í fọ́ bí igbá. Kò sẹ́ni tó lè bá àwọn ìyá wí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ohun tí wọ́n fi gbé ẹ̀bùn wá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìyìn ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn òmìnira, ọjà tún sún mọ́ ilé sí i. Ìgànà kò jìnnà sí ẹnubodè Nàìjíríà. Nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀ ní Nàìjíríà láàárín ọdún 1970 sí 1980, òde ṣíṣe ní Èkó di ńlá. Aṣọ ẹbí tó jẹ́ ti mọ̀lẹ́bí di ti gbogbo ojúlùmọ̀. Abọ́ ike, ife àti aṣọ ìnura tí wọ́n tẹ àwòrán olóde sí lára di ohun tí àlejò ń retí kó tó lọ sílé. Àṣà náà kọjá ẹnubodè wá sí Sakẹ́tẹ́ àti Pobẹ̀. Lónìí, inú ọ̀rá ni ẹ̀bùn ọdún ń wà: ìrẹsì, tòmátì inú agolo, bisikíìtì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ohun tí a bá ń rà, ọwọ́ ẹlòmíràn ni iye rẹ̀ wà. Ní oṣù Kínní ọdún 1994, wọ́n dín agbára owó sẹ́fà kù sí ìdajì: 50 ló ń ṣẹ́ fránkì Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó di 100. Ohun tó ti òkè òkun wá gbówó lórí lójijì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ọ̀pọ̀ ọjà tó ń gba ẹnubodè kọjá dúró. Ẹ̀kọ àti àkàrà ìyá ilé kò bèèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ń ṣọ́ ohun ìní àṣà ní àgbáyé náà ti rí ewu yìí. Ní ọdún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àṣà tí Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò jọ ní, gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo ọmọ ènìyàn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní ọdún 2008. Nínú àlàyé wọn, wọ́n kìlọ̀ pé ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tó gbé e ró ń lọ díẹ̀díẹ̀, àti pé ìrìn-àjò afẹ́ lè sọ ọ́ di ohun ìran lásán. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ijó lè ṣẹlẹ̀ sí igbá ọdún: kí ó dúró fún wíwò, kí ìdí rẹ̀ sì ti lọ.

Ṣíṣe òótọ́ sí ọjà náà yẹ. Obìnrin tó ń ta aṣọ, télọ̀ tó ń rán an, ọ̀dọ́ tó ń fi alùpùpù kó ẹrù, ọjà ọdún ló ń bọ́ ọmọ wọn. Ẹni tó wà ní Kútọnu tàbí ní Èkó kò lè pọ́n ẹ̀kọ gbé wálé. Ohun tó bá rà ni ìfẹ́ rẹ̀. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ríra bá di owó ẹnu ọ̀nà. Ọmọ ìlú tí kò rí owó aṣọ ẹbí san ń dúró sí ìdálẹ̀ lọ́jọ́ ọdún nítorí ìtìjú. Ìyá tó yá owó ra ìrẹsì ọdún ń san gbèsè náà títí òjò tuntun fi rọ̀. Ọdún tó yẹ kó kó ìdílé jọ wá ń yọ aláìní sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ní ayé igbá, aláìní náà ní ohun tó máa gbé wá.

Àtúnṣe rẹ̀ kò nílò òfin. Àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn aláṣẹ tó ń ṣètò ọdún lè pinnu pé aṣọ kan kò ní jẹ́ dandan fún jíjókòó lójú agbo. Wọ́n lè rí i pé ẹní, igbá àti ọṣẹ dúdú tí wọ́n bá fẹ́ fún àlejò pàtàkì wá láti ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ yìí, kí owó ọdún lè yí nílé. Àwọn ìyá lè jẹ́ kí ọmọ jókòó tì wọ́n bí wọ́n bá ń pọ́n ẹ̀kọ ọdún, torí ọmọ tí kò rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ní lè ṣe é. Olórí ìlú àti ọlọ́lá ìlú tó bá sì gba igbá àkàrà lọ́wọ́ opó lójú gbogbo ènìyàn, tó ṣí i, tó jẹ ẹ́, ti kọ́ ìlú ní ìtàn ju bí ìwé ti lè kọ́ ọ lọ.