alágbàtà ilé

(ọ̀rọ̀-orúkọ) Ẹni tí ó dúró láàárín onílé àti ẹni tí ó fẹ́ ra ilé tàbí yá a gbé, tí ó sì ń gba owó iṣẹ́. Ní ìgboro, ajẹ́ńtì.

Ìlò: Òwe tí ó ní alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n ti ta àbàwọ́n sí orúkọ yìí. Nínú ìwé àdéhùn, ẹ fi “tí ó gba ìwé-àṣẹ” kún un. Ẹ má kọ “ìwé-ẹ̀rí”: ilé-ẹ̀kọ́ ní í fúnni ní ìyẹn, ìjọba ní í fúnni ní ìwé-àṣẹ. Ògbufọ̀ tí ó bá pa méjèèjì pọ̀ lè mú kí ayálégbé kówó fún ẹni tí òfin kò mọ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, LASRERA ni alágbàtà ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ: Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí alágbàtà ilé náà fi ìwé-àṣẹ rẹ̀ hàn yín.