Ọkọ̀ Dayspring àti Ìpìlẹ̀ Lọ́kọ́ja

Ní ọdún 1857, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì Dayspring, tí Macgregor Laird pèsè fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gba Odò Ọya lọ sókè lábẹ́ Dókítà William Balfour Baikie. Samuel Àjàyí Crowther wà nínú àwọn èrò rẹ̀, ó sì ti inú ìrìn-àjò náà dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ ní Onitsha àti Gbebe.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀wàrà, ọkọ̀ náà forí sọ àpáta ní tòsí Jẹ́bà, ó sì fọ́. Bí a bá wo ète rẹ̀ nìkan, asán ni ìrìn-àjò náà já sí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó fọ́ náà ní àtubọ̀tán. Fún nǹkan bí ọdún kan ni wọ́n fi há sí etí odò. John Glover fẹsẹ̀ rìn já ilẹ̀ Yorùbá dé Èkó. Àwọn Haúsá tó tẹ̀lé e wà lára ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ ológun Haúsá ti Èkó. Nígbà tí ọkọ̀ Sunbeam dé ní 1858, Baikie kò kúrò lórí odò náà. Ó tẹ Lọ́kọ́ja dó ní nǹkan bí ọdún 1860.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan Okun. Ogun Tápà ń kó àwọn ará Ìjùmú, tí Gbẹ̀dẹ̀ wà nínú rẹ̀, àti Bùnú, Ìyàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀ lẹ́rú. Baikie ra àwọn ẹrú kan sí òmìnira ní Lọ́kọ́ja, ìlú náà sì di ibi ìsádi. Nítorí náà, ìtàn Okun tó bá ka Lọ́kọ́ja sí iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Royal Niger nìkan ti fo àpáta Jẹ́bà.