Láti Bodè dé Gáréèjì: Ta Ni Yóò Pèsè Iná fún Ọkọ̀ ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò jọ ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ti pẹ́. Ní ilẹ̀ England, láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2022, òfin ti sọ ọ́ di dandan pé kí ilé tuntun tó bá ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ní ẹ̀rọ tí a fi ń ṣáájì ọkọ̀ oníná mànàmáná. Ní London, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ètò ìlú ti ọdún 2021 ní kí ìdá 20 nínú 100 àyè ìgbọ́kọ̀sí ilé tuntun, ó kéré tán, ní iná, kí ìyókù sì wà ní ìmúrasílẹ̀ fún un. Bí irú òfin yìí bá fẹ́ dé Ìlá-Ọ̀ràngún, ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣe é? Ta ni yóò sì san owó rẹ̀? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a bojú wẹ̀yìn.

Àwọn àgbà sọ pé "Ogbó mọ ọ̀nà" ni orúkọ Ìgbómìnà ti wá. Ogbó ni àdá tí ìtàn ní Odùduwà fún Ọ̀ràngún, òun ni ó fi la ọ̀nà dé ibi tí ó tẹ̀dó sí. Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè yóò rí i pé fáwẹ́lì ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà kò bá ti gbólóhùn yẹn mu, àti pé "ọ̀nà" kì í sáábà di "ìnà". Síbẹ̀, ìtàn náà fi hàn wá pé ọ̀nà ni àwọn ènìyàn yìí fi ń ṣe àpèjúwe ara wọn.

Láyé àtijọ́, ẹnu bodè ni àlejò ti ń dúró. Oníbodè a máa gba owó ẹyọ lọ́wọ́ àwọn alájàpá kí wọ́n tó wọ ìlú. Ṣùgbọ́n owó bodè ní ojúṣe tirẹ̀: àwọn ọ̀dọ́ ìlú ni ó ń yẹ ọ̀nà, ọba àti ìjòyè ni ó sì ń rí i pé ẹrù àlejò kò sọnù. Níbi tí agbára bá ti wà láìsí ojúṣe, bodè a di ibi ìfìyàjẹni. Nígbà ogun Kírìjì, láti 1877 sí 1893, tí Ìlá wà lọ́dọ̀ Èkìtìparapọ̀, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ó rí ohun tí ọ̀nà dídí lè ṣe sí ọjà.

Ọkọ̀ ojú irin gba Òṣogbo àti Ìkìrun kọjá lọ sí Ọ̀fà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kò yà sí Ìlá. Mọ́tò ni ó wá so wá pọ̀ mọ́ ọjà ńlá, mọ́tò náà ni ó sì mú ọ̀rọ̀ "gáréèjì" wá. Lẹ́nu òyìnbó, ilé tí a ń gbé ọkọ̀ sí tàbí tí a ti ń tún un ṣe ni. Lẹ́nu wa, ó di ibi tí èrò ti ń wọkọ̀. Gáréèjì gba ipò bodè, ó sì jogún owó rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ti òfin, ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ìdásílẹ̀, ìtọ́jú àti ìṣàkóso ọjà, gáréèjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ènìyàn sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní 2003, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé ètò ìkọ́lé ìlú jẹ́ ti ìpínlẹ̀, kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀.

Iná ni ó ṣòro. Láti 1896 tí iná mànàmáná ti dé Èkó, àti láti 1972 tí a ti dá NEPA sílẹ̀, Èkó tàbí Àbújá ni a ti ń pàṣẹ. Lẹ́yìn tí a ta ilé iṣẹ́ apíniná ní 2013, ilé iṣẹ́ Ìbàdàn kan náà ni ó ń pín iná fún Ọ̀ṣun àti Kwara. Nípa bẹ́ẹ̀, ààlà tó ya Ìgbómìnà sí méjì kò ya wáyà iná wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, àtúnṣe ìwé òfin fún ìpínlẹ̀ ní àṣẹ láti ṣòfin lórí iná, òfin iná tuntun sì tẹ̀lé e ní oṣù kẹfà. Ní 2024, Èkìtì àti Oǹdó, aládùúgbò wa, ti gba àṣẹ náà sọ́wọ́.

Àbújá náà ti gbìyànjú. Ní 2019, àwọn aṣòfin àgbà tako àbá láti fi ọkọ̀ oníná rọ́pò ọkọ̀ abẹ́ńtírò. Ní 2025, àbá mìíràn tí yóò mú kí ilé epo ní ẹ̀rọ ìṣáájì gba kíkà kejì.

Ní tèmi, kò yẹ kí a da òfin London kọ. Ẹni tó ń kọ́ ilé ní Ìlá kò tíì rí iná tó tó fún ilé fúnra rẹ̀. Gáréèjì ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, pàápàá fún ọ̀kadà, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń wọlé lójoojúmọ́. Oòrùn lè pèsè iná rẹ̀: irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ti wà ní Yunifásítì Èkó àti Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sokoto láti 2021. Ní ti ilé ìtajà tuntun, kí òfin kàn ní kí wọ́n ri páìpù wáyà mọ́lẹ̀ nígbà ìkọ́lé, torí ó rọrùn ju kí a wá fọ́ kọnkéré lẹ́yìn ọ̀la. Àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún awakọ̀ ni kí a kọ́kọ́ bi pé: kí ni ẹ fi owó yìí ṣe fún un? Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ó ku orúkọ. "Ibùdó ìgbaná" ni mo dá lábàá, láti ara "gba iná". Ṣùgbọ́n bí mo ṣe mọ àwọn ará gáréèjì, àwọn ni yóò sọ ọ́ lórúkọ nígbẹ̀yìn.

Ire o.