Ìtàn "Gbogbo" Lẹ́nu Kọ̀ǹpútà

Bí Yorùbá bá fẹ́ tẹnu mọ́ ọn pé gbogbo ènìyàn ló mọ ọ̀rọ̀ kan, ohun tí ó sábà máa ń sọ ni pé, "Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n." "Kò" méjì ni a fi kọ́ "gbogbo" kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà wá gúnlẹ̀ sí.

Ọdún 1879 ni Gottlob Frege, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Jena ní Jámánì, tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tí ó pè ní Begriffsschrift. Ó ṣe àmì fún "gbogbo" nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe àmì ọ̀tọ̀ fún "ó wà". Bí ó bá fẹ́ sọ pé nǹkan pupa wà, á kọ ọ́ pé irọ́ ni pé gbogbo nǹkan ni kò pupa. Kọ̀ǹpútà yí ọ̀rọ̀ náà po: "ó wà" ni ó mú, ó wá ń wá "gbogbo" kiri.

Edgar Codd, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ IBM ní San Jose ní Kalifọ́níà, ni ó dábàá ní 1970 pé kí a máa to àkọsílẹ̀ sínú tábìlì. Ní 1972 ó fi ọgbọ́n kan kún un tí ó pè ní pínpín: bí a bá fi àkójọ àwọn kọ́ọ̀sì tí ó pọn dandan pín tábìlì àwọn tí ó yege, àwọn tí ó yege nínú gbogbo wọn ni yóò kù. SQL, tí Donald Chamberlin àti Raymond Boyce bẹ̀rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan náà, kò gba pínpín yìí wọlé. Ó ní EXISTS fún "ó wà". ALL tí ó ní, fún fífi iye wé iye ni. Nítorí náà ẹni tí ó ń bèèrè ní láti wí pé: mú akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sí kọ́ọ̀sì dandan kan tí kò sí àkọsílẹ̀ pé ó yege nínú rẹ̀. Àbí ẹ ò gbọ́ Yorùbá níbẹ̀!

Prolog, tí Alain Colmerauer àti Philippe Roussel ṣe ní Marseille ní 1972, kò yàtọ̀ púpọ̀. "Ǹjẹ́ ó wà?" ni ìbéèrè rẹ̀. Ní 1978 Keith Clark ṣàlàyé "kò sí" rẹ̀: ohun tí ẹ̀rọ bá wá ẹ̀rí rẹ̀ títí tí kò rí, irọ́ ni ó kà á sí.

Èyí ni ó kàn mí. Ní ọdún kìíní mi, orúkọ mi kò sí lára àwọn tí ó yege nínú gbogbo kọ́ọ̀sì. Ìwé máàkì mi wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti gbàgbé láti tẹ kọ́ọ̀sì kan sínú tábìlì, lójú ẹ̀rọ, àìkọsílẹ̀ àti ìkùnà sì dọ́gba. Bí ènìyàn bá ní "kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n", ẹlòmíràn lè dìde pé, "Èmi ńkọ́?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bèèrè "èmi ńkọ́" láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Nígbà tí wọ́n tẹ ìlà kan ṣoṣo yẹn wọlé, orúkọ mi jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an.