Floorball fún Àgbàlagbà tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ ń Bẹ̀rẹ̀

Floorball jẹ́ eré bọ́ọ̀lù abẹ́ òrùlé tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá. Ó jọ họ́kì orí yìnyín, ṣùgbọ́n kò sí yìnyín níbẹ̀, kò sì sí bàtà onírin. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn, bàtà eré ìdárayá, ọ̀pá fúyẹ́fúyẹ́ àti bọ́ọ̀lù oníke tí ihò wà lára rẹ̀ ti tó. Ní Swídìn, Fínlándì, Swítsàlandì àti Ṣẹ́ẹ̀kì, níbi tí eré náà ti rinlẹ̀ jù lọ, kì í ṣe àwọn ọmọdé àtàwọn tó fi í ṣiṣẹ́ ṣe nìkan ló ń gbá a. Àwọn olùkọ́, òṣìṣẹ́ báńkì, awakọ̀ àtàwọn abiyamọ tí wọ́n ti lé lógójì ọdún kí wọ́n tó di ọ̀pá mú rí wà nínú rẹ̀. Tiwọn ni àyọkà yìí ń sọ.

Amẹ́ríkà ni ọ̀pá oníke ti kọ́kọ́ jáde: ilé-iṣẹ́ Cosom ní ìpínlẹ̀ Minnesota ló ń ṣe é ní ìparí àwọn ọdún 1950. Swídìn ló sọ ọ́ di eré tó lófin. Àwọn ará Gothenburg ń gbá a ní àwọn ọdún 1970. Ní 1979 ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ fìdí kalẹ̀ ní ìlú Sala, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti dá àjọ eré náà ní Swídìn sílẹ̀ ní 1981. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí, Swídìn, Fínlándì àti Swítsàlandì fìmọ̀ ṣọ̀kan ní Huskvarna, wọ́n dá àjọ àgbáyé tó ń jẹ́ IFF sílẹ̀. Ìdíje àgbáyé àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ ní 1996, ti àwọn obìnrin tẹ̀ lé e ní 1997. Ẹni tó bá ń wá ẹgbẹ́ tí yóò dara pọ̀ mọ́ ní Stockholm, innebandy ni kó béèrè. Ní Helsinki, salibandy. Ní Zürich, Unihockey.

Pápá ìdíje gùn ní mítà 40, ó sì fẹ̀ ní mítà 20. Pátákó tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 50 yí i ká, wọn kò sì jẹ́ kí igun rẹ̀ mú, kí bọ́ọ̀lù má bàa há síbẹ̀. Èèyàn márùn-ún ló ń gbá a fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, aṣọ́lé ni ìkẹfà. Ìpele mẹ́ta ni ìdíje, ogún ìṣẹ́jú ni ìpele kọ̀ọ̀kan. Gíráàmù 23 péré ni bọ́ọ̀lù wọ̀n, ihò 26 ló sì wà lára rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tó ń gbá a fún ìgbádùn kì í fi gbogbo èyí dí ara wọn lọ́wọ́. Gbọ̀ngàn iléèwé tí wọ́n yá fún wákàtí kan tó wọn, wọ́n lè gbé ojú ilé kékeré méjì kalẹ̀ láìsí aṣọ́lé, kí wọ́n sì fi ògiri gbọ̀ngàn ṣe pátákó.

Òfin ló jẹ́ kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè wọ inú irú eré bẹ́ẹ̀ láì fara gbọgbẹ́. Ọ̀pá kò gbọdọ̀ kan bọ́ọ̀lù tó bá ga kọjá orúnkún. Bí ẹnikẹ́ni bá wà nítòsí, a kò gbọdọ̀ gbé ọ̀pá kọjá ìbàdí. A kò gbọdọ̀ fi ọ̀pá lu ọ̀pá ẹlòmíràn, tàbí ká fi gbé e sókè, tàbí ká kì í bọ àárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì láti dí bọ́ọ̀lù. Kò gbọdọ̀ lo ọwọ́, kò sì gbọdọ̀ fi orí kàn án. Ẹsẹ̀ lè dá bọ́ọ̀lù dúró kó sì sún un sí ojú ọ̀pá, àmọ́ wọn kì í ka gólì tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fẹsẹ̀ gbá wọlé. Ẹni tó ti gbá họ́kì orí pápá tàbí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ rí ni àwọn òfin yìí máa ń tètè mú, nítorí ara rẹ̀ ti mọ àṣà mìíràn. Lójú tèmi, ẹni tí kò gbá ohunkóhun rí sàn jù ú lọ ní oṣù àkọ́kọ́.

Ọ̀pá ni ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí èèyàn fara balẹ̀ rà. Tí a bá nà án ró lórí ilẹ̀ níwájú ara wa, kí orí rẹ̀ dé ìdodo tàbí kó ga díẹ̀ sí i. Èyí tó gùn jù yóò sọ apá di aláìgbọràn. Èyí tó kúrú jù yóò ba ẹ̀yìn jẹ́. Nọ́ńbà kan wà lára rẹ̀ tó ń sọ bó ṣe rọ̀ tó: iye mìlímítà tí ọ̀pá náà ń tẹ̀ tí wọ́n bá gbé ẹrù kílò 30 kọ́ ọ. Nọ́ńbà tó bá kéré, ọ̀pá náà le. Tó bá pọ̀, ó rọ̀. Àwọn tó ń ta ọ̀pá máa ń fẹ́ kí èèyàn ra èyí tí àwọn ìlúmọ̀ọ́ká ń lò, ó sì sábà máa ń le. Apá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò lè ká a. Kó ra èyí tó rọ̀, ní bíi 29 sí 32.

Ojú ọ̀pá, ìyẹn apá pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, máa ń tẹ̀ sí òsì tàbí sí ọ̀tún. Èyí tó wà fún òsì, ọwọ́ òsì ló máa wà nísàlẹ̀. Ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé àwọn tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé ni wọ́n sábà máa ń gbà níyànjú láti ra ti òsì. Ọwọ́ òkè ló ń darí, agbára ni tìsàlẹ̀ ń fi kún un; ọwọ́ tó gbọ́n ló yẹ kó wà lókè. Kí ẹni náà gbé ọ̀pá ìgbálẹ̀ nílé kó wo bí ọwọ́ òun ṣe tò ó. Bó bá ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni kó tẹ̀ lé.

Lórí pápá, gbígba bọ́ọ̀lù ló nira ju gbígbá a lọ. Bọ́ọ̀lù náà fúyẹ́, ó sì máa ń ta. Tí ojú ọ̀pá bá dúró gan-an dè é, yóò ta padà lọ bá ọ̀tá. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá máa ń ní kí ọ̀pá bá bọ́ọ̀lù rìn sẹ́yìn díẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, kí ojú rẹ̀ sì dẹ̀ bò ó. Fífún ẹlòmíràn ní bọ́ọ̀lù náà kì í ṣe lílù: ojú ọ̀pá máa ń fà á lọ lórí ilẹ̀ kó tó fi sílẹ̀, ariwo kì í sì í sí níbẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ń dún pàá ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá fi ránṣẹ́, ó ṣì ń lù ú ni. Kí ó sì tẹ orúnkún. Ẹni tó bá nàró gbọnrangandan kò lè fi ojú ọ̀pá lélẹ̀ dáadáa.

Bí wọ́n bá kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ jọ, gbogbo wọn ni yóò ya bo bọ́ọ̀lù bí adìẹ tó rí àgbàdo. Ìwòsàn rẹ̀ kò ju pé kí ẹnì kan gbà láti dúró sẹ́yìn, kí ẹlòmíràn sì sá lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò sí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í pẹ́ ju bí ìṣẹ́jú kan lọ lórí pápá kí wọ́n tó jáde fún ẹlòmíràn, nítorí ìpààrọ̀ kò ní òǹkà, wọn kì í sì í dá eré dúró nítorí rẹ̀. Àgbàlagbà kì í fẹ́ jáde. Yóò dúró títí tí kò fi ní lè sá mọ́, ìgbà yẹn ni ọrùn ẹsẹ̀ sì máa ń yẹ̀.

Ọrùn ẹsẹ̀ àti orúnkún ló ń fara gbá jù, torí sísá, dídúró lójijì àti yíyí padà ni eré náà. Ní Fínlándì, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé àwọn obìnrin 457 tó wà nínú ikọ̀ 28. Ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008. Àwọn tí wọ́n ń ṣe eré ìnàra tó ń kọ́ ara ní ìdúróṣinṣin àti ìbalẹ̀ kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù kò ní ìfarapa ẹsẹ̀ tó ti àwọn yòókù: ìfarapa tí ìkọlura kò fà dín kù ní ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú ni ewu kejì. Bọ́ọ̀lù lè fò bá a, bẹ́ẹ̀ ni orí ọ̀pá, nítorí náà awò ìdáàbòbò kì í ṣe ohun ìtìjú fún àgbàlagbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọdé ló ń wọ̀ ọ́ jù.

Ní Swídìn, motionsinnebandy ni wọ́n ń pe ti àwọn tó ń gbá a fún ìlera, àjọ Korpen sì máa ń ṣètò ìdíje fún irú àwọn ikọ̀ bẹ́ẹ̀, títí kan ti àwọn òṣìṣẹ́. Ní Fínlándì, ìpàdé tí kò ní ètò pàtó, tí wọ́n ń pè ní höntsä, ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹni tó bá dé ni wọ́n ń pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn ará Swítsàlandì ní Kleinfeld, tí í ṣe èèyàn mẹ́ta pẹ̀lú aṣọ́lé lórí pápá kékeré, ó sì dára fún ẹni tí kò tíì ní èémí fún pápá ńlá.

Ẹni tí eré sísá kò bá ara rẹ̀ mu lè ṣọ́lé. Aṣọ́lé kì í lo ọ̀pá. Ó máa ń kúnlẹ̀ níwájú ojú ilé tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 160 tó sì ga ní 115, pẹ̀lú akoto tó ní àwọ̀n níwájú, ṣòkòtò onítìmùtìmù àti ohun ààbò orúnkún, á sì máa fi ọwọ́, àyà àti ẹsẹ̀ dí bọ́ọ̀lù. Ọ̀wọ́n ni irú wọn láàárín àwọn àgbàlagbà, débi pé ẹgbẹ́ mìíràn kì í gba owó gbọ̀ngàn lọ́wọ́ wọn.