Èrò tí Ọ̀nà Dí Mọ́: Ìdàgbàsókè Nínú Ẹ̀mí ní Ìjọ Kúdẹtì

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ìwé náà, Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́, lè rò pé ọ̀rọ̀ nípa ìrònú tí ó mọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò ọ̀nà ni olùtumọ̀ ní lọ́kàn: ẹni tí ó di ẹrù rẹ̀, tí ó fi ilé sílẹ̀, tí kò sì ní jókòó títí yóò fi dé ibi tí ó ń lọ. John Bunyan ni ó kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Apá kìn-ín-ní rẹ̀ jáde ní ọdún 1678, lẹ́yìn tí òǹkọ̀wé náà ti lo ọdún méjìlá ní ẹ̀wọ̀n ní ìlú Bedford nítorí pé ó ń wàásù láìgba àṣẹ. David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí í ṣe òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ C.M.S. ní Ìbàdàn, ni ó sọ ọ́ di Yorùbá. Àwọn ọdún 1860 ni iṣẹ́ náà di ìwé títẹ̀. Ní àwọn ọdún yẹn kan náà, èrò kò rí ọ̀nà gbà láti Ìbàdàn dé etíkun.

Ọ̀pọ̀ ìwàásù ni ó ń sọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè nínú ẹ̀mí bí ẹni pé inú yàrá ni ó ti ń ṣẹlẹ̀, láàrin onígbàgbọ́ kan ṣoṣo àti Bíbélì rẹ̀. Ìtàn ìjọ Kúdẹtì fi ibòmíràn hàn. Ìgbà tí ohun gbogbo tí ìjọ náà gbẹ́kẹ̀ lé láti òkèèrè já, tí ó kù wọ́n ku aládùúgbò wọn, ni ó tó hàn bóyá wọ́n dàgbà tàbí wọn kò dàgbà.

Ọdún 1851 ni Hinderer kọ́kọ́ dé Ìbàdàn. Ní 1853 ni ó padà wá pẹ̀lú Anna aya rẹ̀. Ìlú ológun ni Ìbàdàn nígbà náà. Àwọn ìjòyè gba àlejò náà tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún un nílẹ̀ ní Kúdẹtì, díẹ̀ nínú wọn tilẹ̀ fi ọmọ sí ọ̀dọ̀ Anna kí ó máa tọ́ wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìwé ni òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó mọ a-b-d, tí ó wá lè fúnra rẹ̀ ka ìwé ìhìnrere, tí ó sì dáhùn ìbéèrè kátíkísìmù kí omi ìrìbọmi tó kan orí rẹ̀, òun ni wọ́n ń kà sí ẹni tí ó ń tẹ̀ síwájú. Àwọn òbí kan rí i pé ìwé yìí ń fa ọmọ kúrò nídìí òrìṣà ilé, wọ́n na àwọn ọmọbìnrin wọn, wọ́n tì wọ́n mọ́lé, wọ́n sì bèèrè lọ́wọ́ wọn ẹni tí yóò sin wọ́n bí wọ́n bá kú. Ìbéèrè kékeré kọ́ ni èyí lójú ọmọ Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òyìnbó tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìwúwo rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, a sì fi Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, jọba. Kúrunmí tí í ṣe Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní forí balẹ̀ fún un, nítorí pé àṣà àtijọ́ ni kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Nígbà tí ó di 1860, ogun ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà Abẹ́òkúta sì dí pa. Ti Ìjẹ̀bú náà kò ṣeé gbà. Ìjàyè tú ní oṣù kẹta ọdún 1862, síbẹ̀ ọ̀nà kò là, ìjà ṣì ń bá a lọ títí ó fi kù díẹ̀ kí ọdún 1865 pé.

Owó àti oúnjẹ tí ó ń ti Èkó wá dáwọ́ dúró. Àwọn Hinderer bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun èlò ilé wọn kí àwọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn lè jẹun. Àìsàn kò fi Anna lọ́rùn sílẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn, tí púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe onígbàgbọ́, yá wọn ní owó ẹyọ, wọ́n sì tà fún wọn láwìn láìmọ ọjọ́ tí wọn yóò san án. Ó yẹ kí ènìyàn dúró díẹ̀ níbí. Ẹni tí ó wá kọ́ni ní ìfẹ́ ọmọnìkejì ni ó ń jẹun láti ọwọ́ àwọn tí ó ń pè ní kèfèrí.

Ọ̀rọ̀ Daniel Olúbí tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, òun ni ó sì súnmọ́ àwọn Hinderer jù lọ nínú iṣẹ́ ìjọ. Ìlú tí a bí i sí àti ìlú tí ó ń sìn wà lójú ogun sí ara wọn. Olúbí dúró sí Ìbàdàn. Òun àti James Òkúsẹ̀ìndé àti àwọn yòókù ń bá ẹ̀kọ́ àti ìsìn lọ láàrin àwọn tí ọmọ àti ọkọ wọn ń lọ bá Ẹ̀gbá jà. Kò sí ìdánwò kátíkísìmù tí ó lè wọn irú ìdúróṣinṣin bẹ́ẹ̀.

Ní 1865, Glover tí ó ń ṣe àkóso Èkó rán àwọn ènìyàn gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wá mú Anna jáde. Ó padà wá lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ara òun àti ọkọ rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ní 1869 ni wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀, ọdún kejì ni Anna sì kú. Ìwé tí a kó jọ láti inú àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1872. Òun ni ó jẹ́ kí ìtàn yìí ṣeé tọpa, ṣùgbọ́n ojú àlejò ni ó fi ń wo gbogbo rẹ̀.

Kúdẹtì kò tú. Ìjọ mẹ́ta ni ó wà ní Ìbàdàn, ní Kúdẹtì, Arẹ̀mọ àti Ògúnpa, ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí sì ni wọ́n bọ́ sí. A fi Olúbí jẹ díákónì ní 1871, ó sì di olórí iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ìjọ náà kò tóbi. Ìdí kan ni òfin ìgbéyàwó: ọkùnrin tí ó bá ní ju aya kan lọ kò lè rí ìrìbọmi gbà, bí ó ti wù kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ jinlẹ̀ tó, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Lambeth ní 1888 sì tún fi òǹtẹ̀ lu ìlànà yìí. Nítorí náà àkọsílẹ̀ iye ọmọ ìjọ kò lè jẹ́ àkọsílẹ̀ iye àwọn tí ó ń dàgbà nínú ẹ̀mí.

Inú ìran onígbàgbọ́ ìgbà Olúbí ní Ìbàdàn ni Josiah Akínyẹlé ti jáde. Ó bí Alexander ní 1875 àti Isaac ní 1882. Alexander dúró sínú ìjọ Áńgílíkà, ó dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913. Isaac, tí ó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911, kúrò níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1920, ó bá àwọn tí ó gbà pé àdúrà nìkan ni oògùn onígbàgbọ́ tí ó ti dàgbà lọ, ó sì di ààrẹ ìjọ CAC ní 1941. Ilé kan náà ni wọ́n ti kọ́ ìgbàgbọ́, ohun tí wọ́n sì pè ní ìdàgbàsókè kò bára mu. Ní 1952 ni ẹ̀gbọ́n di bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ti Ìbàdàn. Ní 1955 àbúrò gun orí oyè Olúbàdàn, ó sì ń darí CAC lọ títí ó fi wàjà ní 1964.